Wọn ò gbọ́dọ̀ dá a padà sẹ́nu ewu

Ẹ béèrè pé àbúrò yín sá kọjá ààlà láìní ìwé ìrìnnà, pé ṣé wọn ò ní lé e padà. Èmi náà ti ṣe ogúnléndé rí, ohun tójú mi rí ni mo máa sọ.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti ìwé yẹn ná. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé sọ pé ẹni tó bá ti ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu wá tààrà, wọn ò gbọ́dọ̀ torí pé ó wọlé láìgbàṣẹ fìyà jẹ ẹ́, bó bá ti yára fara han àwọn aláṣẹ, tó sì ṣàlàyé ìdí. Nítorí náà, kó má fara pamọ́ o. Àdéhùn yẹn náà ló ní kí wọ́n má ṣe dá ogúnléndé padà síbi tí ewu ti ń dúró dè é.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àwọn aláṣẹ máa ń ṣe kí wọ́n tó gbà pé ogúnléndé lèèyàn gan-an niṣẹ́ wà. Ebi àti àìríṣẹ́ nìkan ò tó lábẹ́ àdéhùn yìí, bó ti wù kó dunni tó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú tàbí irú àwùjọ tó wà ni wọ́n ṣe ń lépa rẹ̀. Ní Áfíríkà, àdéhùn ọdún 1969 lórí ọ̀rọ̀ ogúnléndé tún ka àwọn tí ogun tàbí rúkèrúdò ńlá lé kúrò nílé mọ́ ọn.

Nígbà tó kàn mí, ohun kan náà ni obìnrin tó jókòó síwájú mi ń bi mí lóríṣiríṣi ọ̀nà: ta ló kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀ ti ṣú àbí kò tíì ṣú, ilẹ̀kùn wo ni mo gbà sá. Ó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ mi á yí. Ẹnìkan ti fẹ́ kọ́ mi ní ìtàn tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́, mi ò gbà. Àwọn tó gbà á ń dùn mí títí dòní, torí ohun tójú tiwọn fúnra wọn rí tó gbà wọ́n là. Kí àbúrò yín sọ tiẹ̀. Bó bá gbàgbé ọjọ́, kó ní òun gbàgbé. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀, kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ náà sí òun létí kó tó buwọ́ lù ú.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé, kó béèrè ọjọ́ tí àyè kòtẹ́milọ́rùn máa parí kó tó kúrò níbẹ̀, torí kì í gùn. Kó wá agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí UNHCR, ìyẹn àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ogúnléndé, bá ní ọ́fíìsì nítòsí, kó béèrè lọ́wọ́ wọn.