Ẹni tó fẹ́ gbélé mi fún oṣù 10: ìwé wo ni ká jọ kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn fún oṣù 10. Mo fẹ́ kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan máa gbé inú ilé mi n'Íkòròdú, kó lè bá mi mójú tó o. Kò ní sanwó ilé. Ṣé dandan ni ká kọ̀wé?

Ìdáhùn: Dandan ni, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyọ̀ǹda láti gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ fẹ́ fún un, ẹ ò fẹ́ sọ ọ́ di ayálégbé. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì.

Owó ló sábà máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ọmọ náà lè ní òun á máa fi nǹkan díẹ̀ dúpẹ́ lóṣooṣù. Bẹ́ ẹ bá ń gbà á, tó sì jẹ́ òun nìkan ló ni gbogbo ilé lọ́wọ́, ó lè sọ ní kóòtù pé ayálégbé olóṣooṣù lòun, ohun yòówù kẹ́ ẹ kọ sórí ìwé. Lábẹ́ òfin ilé gbígbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, nótíìsì oṣù 1 láti kó jáde tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oṣù 6 ni ti ẹni tó ń san ọdọọdún, àfi bẹ́ ẹ bá ti jọ ṣàdéhùn mìíràn. Kó san owó iná àti omi tó bá lò fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ rìsíìtì owó ilé fún un láé.

Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, àwọn yàrá tó lè lò, ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde gan-an. "Títí màá fi dé" kì í ṣe ọjọ́. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé kẹ́ ẹ ti yàrá kan pa, kí ẹrù yín wà níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìwé sì sọ pé ẹ lè wọlé nígbàkigbà. Òun ló ń fi hàn pé ilé ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ẹ to fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà iná sẹ́yìn ìwé, kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn. Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan bá yín fọwọ́ sí ẹ̀dà 2. Ẹ san owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀, torí kóòtù lè kọ̀ láti gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀.

Bí ọjọ́ bá pé tó kọ̀ láti jáde, ẹ má ṣí páànù orí ilé, ẹ má pààrọ̀ àgádágodo. Bí kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀, fífi ipá lé e jáde lè mú ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 wá. Ẹ fún un ní nótíìsì ọjọ́ 7 pé ẹ ń lọ sí kóòtù láti gba ilé yín. Tí ọjọ́ 7 bá pé tó ṣì wà níbẹ̀, kí lọ́yà yín gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù májísíréètì.