Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íléṣà. Ṣé mo lè fi fídíò kẹ́kọ̀ọ́ láì máa lọ sí Ifẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Fídíò tó fún ẹ̀kọ́ orí ìwé àti ìjíròrò lórí àìsàn. Èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ẹ lè dá a dúró, kí ẹ tún un wò títí yóò fi yé yín. Ní 2003, dókítà Sanjeev Arora dá ètò ẹ̀kọ́ ìlera kan, Project ECHO, sílẹ̀ ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà. Nínú ètò náà, orí fídíò làwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ti ń kọ́ ìtọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C lọ́dọ̀ àwọn àgbà oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀bí àti gígún abẹ́rẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, lójú olùkọ́. Ẹ má sì ya fídíò aláìsàn láìgbàṣẹ, ẹ jọ̀wọ́.