Ẹ má da súpágúlù sórí okùn tó dẹ̀: sí ẹ̀gbọ́n tó ń kan Clotilda

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Mo ka ìbéèrè yín pé àwòṣe Clotilda, ọkọ̀ ìgbòkun olópó méjì tó kó ènìyàn lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1860, tí ẹ ń kàn ní Ìbàdàn ti dé ibi òpó, pé okùn apá òsì dẹ̀, ti apá ọ̀tún le gan-an, òpó iwájú sì ti fì sápá ọ̀tún. Ẹ ní ẹnìkan gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fa ti òsì dáadáa, kí ẹ da súpágúlù lé gbogbo rẹ̀ lórí kó má bàa yẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọdún 14 ni mo ti ń kan àwòṣe ọkọ̀ ìgbòkun ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó àti oorun ni mo fi kọ́ ọ.

Èmi náà ti da súpágúlù sórí okùn rí. Ọkọ̀ kejì tí mo kàn ni, ó gbà mí ní oṣù 9. Nígbà tí gúlù náà gbẹ, òwú gan bí páálí, ó sì hu funfun bí ara ẹni tí kò fi òróró para láàárọ̀ ọyẹ́. Mo ní kí n tún ọ̀kan ṣe, ó ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Kókó tó bá sì ti mu súpágúlù máa ń ṣòro láti tú, bíléèdì ni ẹ ó fi gé e. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi là á títí á fi ṣàn bí ògì tútù, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán an sórí kókó nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, omi díẹ̀ tàbí sípíríìtì á mú un rọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo irú fífì tí òpó náà fì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó dáadáa lórí tábìlì, kí ẹ so bọ́tìnì mọ́ òwú, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀ kí ẹ wò ó. Láti iwájú, òpó àti òwú gbọ́dọ̀ bára mu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tí òpó fì sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má tì í bọ̀ síwájú o. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbé òpó irú ọkọ̀ olópó méjì bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó fì sápá ọ̀tún ló bàjẹ́, ẹ sì ti fẹnu ara yín sọ ohun tó fà á: ẹ parí apá ọ̀tún tán pátápátá kí ẹ tó bọ́ sí òsì. Ẹni tó kọ́kọ́ fà ló gba òpó. Bí ẹ bá wá fa òsì báyìí láti bá a dọ́gba, òpó lè tẹ̀ láàárín bí ọrun, tàbí kí ìdí rẹ̀ yẹ̀ nínú ihò. Ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ tú gbogbo okùn ẹ̀gbẹ́ òpó iwájú náà, ìyẹn àwọn okùn tó di òpó mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Bí àwọn atukọ̀ gan-an ṣe ń ṣe é ni kí ẹ ṣe é. Okùn ẹ̀gbẹ́ máa ń lọ ní méjì-méjì: wọ́n á ṣẹ́ okùn kan po láàárín, wọ́n á so ó ní ojú, wọ́n á fi ojú náà kọ́ orí òpó, ìdí rẹ̀ méjèèjì á wálẹ̀ sí apá kan náà. Méjì àkọ́kọ́, ọ̀tún níwájú. Méjì tó tẹ̀lé e, òsì níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ọ̀tún. Okùn ńlá tó ti orí òpó lọ sí imú ọkọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, nítorí pé ojú tirẹ̀ máa ń gun orí ti àwọn okùn ẹ̀gbẹ́. Àṣìṣe tí èmi ṣe nìyí: mo fa àwọn okùn ẹ̀gbẹ́ le tán láìsí nǹkan kan tó di òpó mú níwájú. Wọ́n fà á sẹ́yìn. Ìgbà tí mo wá fi okùn imú ọkọ̀ fà á padà, gbogbo okùn ẹ̀gbẹ́ tó wà níwájú dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, òwú ìránṣọ lásán ni mo fi ń so orí òpó mọ́ imú ọkọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá sì gé e sọnù nígbà tí okùn gidi bá dé.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni àwọn róbótó igi olójú mẹ́ta tí àwọn oyinbo ń pè ní deadeye. Ọ̀kan wà lára ọkọ̀, ọ̀kan wà nídìí okùn ẹ̀gbẹ́, okùn tín-ín-rín kan sì ń gba àwọn ojú deadeye méjèèjì kọjá láti fà wọ́n mọ́ra. Bí ti òkè bá ga ju ara wọn lọ, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á rí i. Ẹ gé wáyà líle kékeré, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì wọlé bí pín-ìnnì tí wọ́n fi ń kan ìwé pọ̀. Ẹ ki ẹnu kan bọ ojú deadeye ìsàlẹ̀, ẹ ki èkejì bọ ti òkè, kí wáyà náà di àlàfo wọn mú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí okùn ẹ̀gbẹ́ po ti òkè, kí ẹ so ó, kí ẹ yọ wáyà, kí ẹ sì fi wáyà kan náà ṣe gbogbo ìyókù. Ojú tó dá wà nínú ti òkè gbọ́dọ̀ kọjú sókè, ti ìsàlẹ̀ kó kọjú sílẹ̀. Kókó ìdí okùn tín-ín-rín náà, inú ọkọ̀ ló ń kọjú sí, kì í ṣe ìta. Mo ṣe ìyẹn sódì lórí odindi ọkọ̀ kan, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ má tíì so ìdí okùn tín-ín-rín yìí, ẹ jẹ́ kí ìrù rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí gbogbo okùn ẹ̀gbẹ́ àti okùn imú ọkọ̀ bá ti wà lórí òpó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n díẹ̀díẹ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kí ẹ máa padà síwájú ọkọ̀ láti wo bọ́tìnì. Ó máa ń gbà mí tó ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ẹ fi orí ìka kan okùn kan: ó yẹ kó jìn díẹ̀, kó sì padà. Bó bá ń dún bí ọṣán gángan, ó ti le jù.

Ẹ wo sísanra okùn yín náà. Tí ìwé àtijọ́ bá ní okùn kan jẹ́ íǹṣì 3, àyíká rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ìbú. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 1 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mìlímítà ní ìwọ̀n 1:48 tí ẹ ń lò, níbi tí íǹṣì 1 ti dúró fún íǹṣì 48. Èmi kà á sí ìbú nígbà kan, okùn mi sì fi ìlọ́po mẹ́ta sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti àwọ̀, okùn tó di òpó mú, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn ún, ẹ jẹ́ kó dúdú bí kọfí, kó má dúdú bí èédú. Okùn tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú.

Nípa òwú cotton tí ẹ ní ẹ rà yẹn: ní Kérésì ọdún kan mo gbé ọkọ̀ kan lọ fún bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé ìdáná mi, níbi tí omi ti ń hó tí fèrèsé ń làágùn, ni mo ti fa okùn rẹ̀. Ó ṣì le nígbà tí mo gúnlẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ fẹ́, gbogbo rẹ̀ rọ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń fi ìka gbé okùn kan sókè, ó ń fi í sílẹ̀, ó tún ń gbé e. Cotton máa ń wú tó bá mu ọ̀rinrin, á sì kúrú. Tó bá gbẹ, á gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní òjò tẹ ní ọyẹ́, òwú polyester ni kí ẹ wá. Nylon ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, ó máa ń nà. Ẹ fi ìda oyin pa òwú náà lẹ́ẹ̀mejì kí irun ara rẹ̀ lè sùn.

Ẹ bi mí bóyá ẹ lè fi ère ènìyàn sórí rẹ̀. Mo ti kan Clotilda lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí William Foster kàn ní Mobile, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1855, ẹsẹ̀ bàtà 86 ní gígùn, 23 ní ìbú. Ní ìwọ̀n 1:48, íǹṣì 21 àtààbọ̀ péré ni, ó lè jókòó lórí tábìlì ìjẹun. Ènìyàn 110 ló kó ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, lọ́dún 1860, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1808. Mo gé ère kan láti ara pákó, kò ga ju íǹṣì kan ó lé díẹ̀ lọ, láti fi wo ẹnu ibi ìkẹ́rù. Mo gé mẹ́wàá. Mo tò wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ ọkọ̀ náà, mo ń ṣí wọn nípò títí mo fi ka 110, mo sì pa iná yàrá. Kossola wà nínú àwọn ènìyàn 110 náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tó gbé títí di ọdún 1935. Matilda McCrear wà níbẹ̀, ọmọ kékeré ni nígbà náà, ó kú ní 1940. Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi ère kankan sí i. Èmi kàn ṣí ìdérí ibi ìkẹ́rù sílẹ̀, mo kun inú rẹ̀ ní dúdú.

Foster dáná sun ọkọ̀ náà lóru tí wọ́n dé, ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àjẹkù rẹ̀ ni wọ́n rí nínú odò Mobile. Àwọn ọkọ̀ olópó méjì tí wọ́n kàn ní etíkun yẹn nígbà náà ni mo wò fi so okùn tèmi, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tú apá ọ̀tún àti òsì lónìí, kí ẹ jẹ́ kí òpó sinmi di ọ̀la láìsí okùn ẹ̀gbẹ́ kankan lára rẹ̀. Bó bá ṣì fì, ihò ìdí rẹ̀ ló wọ́, ẹ̀yin káfíńtà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèpá igi há a. Bó bá dúró gán-án, ẹ so òwú ìránṣọ yẹn mọ́ imú ọkọ̀, kí ẹ gbé méjì àkọ́kọ́ sí ọ̀tún, méjì sí òsì, kí ẹ ya fọ́tò láti iwájú gan-an kí ẹ tó kán gọ́ọ̀mù sórí kókó kankan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.