Igbá Bàbá Mi àti Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Bàbá Wa Àgbà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ igbá fínfín sì ni bàbá mi ń ṣe. Olùkọ́ wa sọ pé inú ìbáradọ́gba ni àwọn òfin ńláńlá inú físíìsì ti ń jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé Ifá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé ọ̀tún àti òsì ọ̀pẹ̀lẹ̀ dọ́gba. Babaláwo ni bàbá wa àgbà, n kò sì fẹ́ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òtítọ́ ibẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, ilé yín gan-an ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Da igbá kan tí bàbá rẹ kò tíì fi ọ̀bẹ kàn dojú délẹ̀, kí o sì yí i díẹ̀. Bí ó bá rí róbótó dáadáa, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ kò ní mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án. Ìbáradọ́gba kò ju èyí lọ: pé a ṣe ohun kan sí nǹkan, síbẹ̀ tí nǹkan náà kò fi hàn pé a ṣe é. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá ti pín ẹ̀yìn igbá náà sí ọ̀nà mẹ́jọ, tí ó sì fín iṣẹ́ kan náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi kí o yí i tó ìdá kan nínú mẹ́jọ kí ó tó tún rí bí ó ti wà. Oríṣi ìbáradọ́gba méjì nìyẹn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a dà wọ́n pọ̀.

Oríṣi àkọ́kọ́ ni Emmy Noether, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1918. Ó fi hàn pé níbi tí irú rẹ̀ bá wà nínú òfin ìṣẹ̀dá, ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í dín, tí kì í sì í lé. Nítorí pé òfin tó mú òkúta já bọ́ lánàá ni yóò mú un já bọ́ lọ́la, àròpọ̀ agbára kì í ṣòfò. Nítorí pé òfin kò ka ìhà tí a kọjú sí sí nǹkan kan, òkòtò tí ọmọdé ta yóò máa yí títí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ yóò fi dá a dúró.

Igbá tí a ti fín ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ jọ ní tirẹ̀. Èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, èyíkéyìí sì lè ṣíjú tàbí kí ó dojúdé, nítorí náà ọ̀nà 16 ni apá kan lè gbà wà, apá méjèèjì sì jẹ́ 256. Nínú 256 odù wọ̀nyí, àwọn 16 tí à ń pè ní méjì nìkan ni ọ̀tún ti bá òsì dọ́gba. 240 yòókù kò dọ́gba, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ sì ti ṣì í. Ohun tó wú mi lórí jù ni ètò àwọn 16 náà. Fa ilà wọn sórí ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilà kan fún èso tó ṣíjú, méjì fún èyí tó dojúdé, bí ọ̀pọ̀ babaláwo ti ń tò wọ́n, láti Ogbè dé Òfún, kí o wá dorí ọ̀kọ̀ọ̀kan kodò. Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí kò ní yí padà rárá. Àwọn 12 yòókù yóò yí, ṣùgbọ́n èkejì wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọn yóò dà: Ìrosùn yóò di Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà yóò di Ọ̀kànràn, Ògúndá yóò di Ọ̀sá, Ìká yóò di Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá yóò di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ yóò sì di Òfún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ètò yìí, kò sì tíì sú mi.

Síbẹ̀, Ifá kò ka ọ̀tún àti òsì sí ọ̀kan náà. Apá ọ̀tún ni babaláwo kọ́kọ́ ń kà, nítorí náà Ogbè-Yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Logbè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá gbé dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, èkejì ni a ó rí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní tiwọn gbà fún ìgbà pípẹ́ pé, bí ọkàn wa tilẹ̀ fì sí òsì, òfin ìsàlẹ̀ pátápátá kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní 1956 ni Lee àti Yang, onímọ̀ físíìsì méjì, sọ pé a kò tíì dán èyí wò nínú agbára tó ń mú kí àwọn átọ̀mù kan máa yí padà di òmíràn. Chien-Shiung Wu, obìnrin ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, mú oríṣi kóbáltì kan, irin tí àwọn átọ̀mù rẹ̀ ń yí padà bẹ́ẹ̀, ó mú un tutù kọjá ohun tí a lè fi yìnyín ṣe, ó sì mú kí àwọn átọ̀mù rẹ̀ máa yí sí ìhà kan náà. Nínú dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà tí nǹkan ń yí sí máa ń yí padà, ṣùgbọ́n òkè kì í di ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ká ní ọ̀tún àti òsì jẹ́ ọ̀kan ni, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tíntìntín tí àwọn átọ̀mù náà ń tú jáde, tó ń gba òkè lọ ìbá bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Lee àti Yang gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957. A kò fún Wu, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, má ṣe sọ níwájú bàbá yín àgbà pé Ifá ti sọ ti Wu tàbí ti Noether. Wíwọ̀n ni Wu fi rí tirẹ̀, ìṣirò ni Noether fi rí tirẹ̀, iṣẹ́ Ifá sì yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ohun tí o lè sọ láìbẹ̀rù ni pé àwọn tó to odù mọ ohun tó ń yí padà àti ohun tí kì í yí padà bí a bá dorí nǹkan kodò. Bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí àwọn mẹ́rin tí kì í yí padà fi ṣíwájú, kí o sì kọ èsì wọn ránṣẹ́ sí wa.