Bíbọ́ aṣọ ọkùnrin sílẹ̀ le ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ

Ẹ béèrè bóyá irọ́ ni fíìmù Vergine giurata (ìtàn Hana, ọmọbìnrin Albania kan tó búra láti máa gbé bí ọkùnrin) ń pa: báwo ni obìnrin yóò ṣe di ọkùnrin lójú gbogbo ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí yóò sì dé Ítálì tí kò ní bọ́ ṣòkòtò náà dànù lọ́jọ́ tó dé? Kì í ṣe irọ́ o. Èmi náà ti wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlú kékeré kan ní Èkìtì ni wọ́n ti fi mí jẹ Adélé nígbà tí bàbá mi wàjà. Bí àṣà ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ti Àkúrẹ́ náà ò sì yàtọ̀: ọmọbìnrin ọba ni yóò di ipò mú títí wọn yóò fi mú ọba tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi jókòó, agbádá àti fìlà ni. Kò sí ìró, kò sí gèlè. Àwọn ìjòyè tó dàgbà ju bàbá mi lọ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n ń kí mi ní Kábíyèsí. Mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; ìyá tó bí mi gan-an ló ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gé irun Hana tó sì búra níwájú àwọn ọkùnrin, kò jọ mí lójú bí àlọ́. Orí òkè ní àríwá Albania ni, níbi tí òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kanun ti Lekë Dukagjini ti ń darí ilé nígbà náà. Lábẹ́ òfin yẹn, obìnrin kì í jogún. (Àwa ní ìdí-igi ní tiwa, ìyẹn pípín ogún ní ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin ń pín nínú ogún bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí kan máa ń ṣe bí ẹni pé wọn ò mọ̀.) Tí ìgbẹ̀san bá wọ àárín ìdílé méjì, ọkùnrin ni wọ́n ń pa dípò ọkùnrin, ilé kan sì lè wà tí ọkùnrin kankan ò ní ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin ilé náà lè búra níwájú àgbà méjìlá pé òun ò ní mọ ọkùnrin láyé òun. Bó bá ti búra tán, ó di olórí ilé: yóò gbé ìbọn, yóò bá wọn mu ọtí rakí, yóò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Burrnesha ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn búra nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ ọkọ tí ẹbí yàn fún wọn láì dá ogun sílẹ̀. Edith Durham, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó rìn káàkiri orí òkè wọ̀nyẹn, ti kọ nípa wọn nínú ìwé tó jáde ní 1909. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn òyìnbó ayé òde òní ló hùmọ̀ rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Laura Bispuri ló darí fíìmù náà ní 2015, látinú ìwé Elvira Dones. Amẹ́ríkà ni Mark (orúkọ tí Hana ń jẹ́ lẹ́yìn ìbúra) lọ nínú ìwé. Fíìmù gbé e lọ sí Ítálì, sọ́dọ̀ Lila tí wọ́n jọ dàgbà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti ń ráhùn pé ó falẹ̀, pé Hana kì í sọ̀rọ̀, pé ó kàn ń wo àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ò rí i pé ó falẹ̀. Nígbà tí ọba tuntun gorí ìtẹ́, mo tún ró ìró. Mo pàdé ìjòyè kan tó ti máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó dúró, ó ń retí kí n kúnlẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, àmọ́ orúnkún mi ò tẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnì kan rọra fọwọ́ tì mí lẹ́yìn. Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé lórí ilẹ̀ bàbá wa, mo la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ké Kábíyèsí sí mi ní kí n jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ tán ná. Ohun tí Hana ń ṣírò nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Tó bá bọ́ aṣọ yẹn, ta ni yóò tún gbọ́ tirẹ̀?

Ti èmi ní òpin, mo sì mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ ò ní. Ẹ sì má rò pé gbogbo burrnesha ló ń wá bí yóò ṣe sá kúrò níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọn tó bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ló sọ pé àwọn ò kábàámọ̀. Èmi ò rí ara mi bí ọkùnrin rí láàfin, àmọ́ mi ò lè fi tèmi sọ ti ẹlòmíì.

Ohun tí mi ò gbà nínú fíìmù náà ni ọ̀rọ̀ àárín Hana àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ó yá jù. Bíi pé obìnrin ò lè padà sínú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkùnrin kan fọwọ́ kàn án. Ìbá wù mí kí wọ́n fi àkókò yẹn sí orí òkè, níbi tí Alba Rohrwacher, òṣèré tó ṣe Hana, ti ṣe dáadáa jù.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè bá ìyá yín wò ó. Ẹ lè bá wọn wò ó, àmọ́ ìhòòhò wà nínú rẹ̀, ẹ tètè sọ fún wọn. Èdè Albania àti ti Ítálì ni wọ́n ń sọ, nítorí náà ẹ wá èyí tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe ń lọ.