Ẹjọ́ ò tán, ẹ̀rín ò tán: èsì fún bàbá ọlọ́mọbìnrin méjì

Ẹ̀yin bàbá tí ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bí obìnrin kejì, tí ẹ ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé ọlọ́mọbìnrin méjì máa ń pa rọ́rọ́, ẹ kú oríire, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò tíì bí méjì, àbí ó ti pẹ́ tó bí wọn débi pé ó ti gbàgbé. Tèmi rèé: èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 4, ariwo ò sì tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà tí èyí kékeré ti ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ̀rín inú rẹ̀ ju ariwo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rín náà ti ń wá. Ọmọ kan ṣoṣo kì í pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Èyí àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí àbúrò rẹ̀ wà ni, ó mọ gbogbo ibi tí ọgbọ́n ọmọ yẹn ò tíì dé, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Mo bu omi sínú ife méjì tó dọ́gba, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Àwọn méjèèjì gbà. Ẹ̀gbọ́n wá da tirẹ̀ sínú ife mìíràn, èyí tó gùn tó sì tín-ín-rín. Àbúrò bú sẹ́kún, ó ní ti Àǹtí ti pọ̀ ju tòun lọ. Mo ní, ṣebí ojú ẹ ló ṣe dà á? Ó ní ojú òun ni, ṣùgbọ́n omi yẹn ti ga báyìí.

Kì í ṣe agídí o. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tó gbé ayé láàárín ọdún 1896 sí 1980, fi irú ife bẹ́ẹ̀ dán àwọn ọmọdé wò. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ èyí tí kò tíì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 7 máa ń fi gíga omi nìkan ṣèdájọ́, wọn kì í wo ti fífẹ̀ ife mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ da ẹnu yín láàmú pẹ̀lú àlàyé. Ẹ da tirẹ̀ náà sínú ife gígùn, ẹjọ́ parí.

Àgbà ni kí ẹ máa ṣọ́. Tèmi ò gbọ́ orúkọ Piaget rí, àmọ́ ó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo fún wọn ní bisikíìtì, ọ̀kan ọ̀kan. Ó gé tirẹ̀ jẹ díẹ̀, ó ṣẹ́ ìyókù sí méjì, ó wá sún mọ́ àbúrò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wò ó, méjì ni tèmi. Mo fẹ́ràn ẹ. Gba méjì, kí o fún mi ní ẹyọ kan tìẹ." Àbúrò gbà á tayọ̀tayọ̀, ó dúpẹ́, ó sì ń yí gbogbo ilé ká pé òun ní méjì, Àǹtí ní ẹyọ kan. Mo dákẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Inú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ń dùn ju ti ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ lọ.

Ẹ má rò pé èyí kékeré náà ò lọ́gbọ́n tirẹ̀ o. Ọjọ́ kan ni ó wá bá mi nídìí iṣẹ́, ojú ẹ̀ tutù bí ẹni tó wá ṣàánú ọmọnìkejì.

"Dádì, Àǹtí ń sunkún."

"Kí ló ṣe é?"

"Ojú ló ń dùn ún."

"Kí ló ṣe ojú ẹ̀?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. "Ọwọ́ yìí ni."

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ara mi ló wà. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo rán an."

Lọ́yà wo ni yóò bá a jà á? Mo ní kí òun àti ọwọ́ náà jọ lọ bẹ Àǹtí. Ó lọ lóòótọ́, ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ yìí ní kí ẹ má bínú."

Ti eré ìfarapamọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà wá lákòókò, ẹ̀yin náà á rí i. Yóò ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí, gbogbo ẹsẹ̀ á wà níta. Tí òun ò bá ti rí yín, ẹ̀yin náà ò rí òun nìyẹn. Ẹ bèèrè pé níbo ló wà, yóò dá yín lóhùn pé òun ò sí níbẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti oṣùpá. Lọ́dún tó kọjá, a ń bọ̀ wálé lálẹ́, oṣùpá sì mọ́lẹ̀ kedere. Àbúrò ní ó ń tẹ̀ lé òun. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, òun ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ti ń rìn, tí igi àti ilé ń sún sẹ́yìn, tí oṣùpá ò kúrò níbi tó wà, bó ṣe máa ń rí lójú ọmọdé nìyẹn. Wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dán an wò. Ọ̀kan sáré lọ sí igun kan nínú àgbàlá, èkejì sáré lọ sí igun kejì.

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà!"

"Rárá, ó ti wá bá mi níbí!"

Àwọn méjèèjì ń pè mí kí n wá jẹ́rìí sí i. Mo pè wọ́n jókòó, mo ṣàlàyé pé oṣùpá jìnnà sí ayé tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, pé ìdí nìyẹn tí ìṣísẹ̀ tiwa ò fi lè sún un sọ́tùn-ún tàbí sósì lójú wa. Àgbà mi orí. Àbúrò ronú títí, ó wá bi mí pé: "Tó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe mọ ilé wa?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti eyín dé. Ogún ni eyín ọmọdé, àwọn iwájú ìsàlẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò lẹ́nu, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ ní, kò sí wàhálà nínú ẹ̀. Níbi tí méjì bá wà, ẹni tí eyín rẹ̀ ò yọ ló ń sunkún. Èyí kékeré jókòó síwájú dígí, ó ń fi ìka mi eyín tó le gbagidi, ó ní eyín òun ò fẹ́ràn òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi àgbà sọ̀rọ̀: "Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Tó o bá pé ọdún 7 bíi tèmi, tìẹ náà á yọ."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn ló dá ogun sílẹ̀. Omijé èyí kékeré dá. "Tí mo bá pé ọdún 7, èmi náà á di Àǹtí nìyẹn?" Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà, kò tíì rò ó débẹ̀ rí. Ó sáré tọ̀ mí wá, ó ní ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yìí lè lé òun bá. Mo ní kò lè ṣeé ṣe láéláé, bí tibí ṣe ń lọ síwájú ni tọ̀hún náà ń lọ. Kò fọkàn tán mi. Nígbà tí ọjọ́ ìbí àbúrò rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, ó wá bá mi ní bòókẹ́lẹ́: "Dádì, ṣé ẹ ò lè fo tọdún yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín lójú wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́wọ́ wọn, ẹni tí wọ́n bá sì fi rẹ́rìn-ín kì í pẹ́ tó fi máa dẹ́kun àtisọ tinú rẹ̀. Ikọ́ ni mo máa ń wú, tàbí kí n ṣe bí ẹni ń wá nǹkan lábẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kọ ọ́ sínú fóònù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí o. Èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò lè gbàgbé láéláé, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin àti ìyàwó yín á máa jiyàn lórí ẹni tó sọ ọ́.

Tí wọ́n bá ń ṣeré ìyá àti bàbá, ẹ jókòó síbi tí wọn ò ti ní rí yín. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́ nínú ilé. Nílé wa, àbúrò ni wọ́n máa ń fi ṣe bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: á sùn sórí àga, á di ojú, á wá máa pariwo pé, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!" Kò ní dìde.

Ẹ tún ṣọ́ ẹnu yín bí àlejò bá ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tó fẹ́ràn ìjókòó púpọ̀. Bó ṣe wọlé báyìí, èyí kékeré kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó wá bi í léèrè: "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kì í tètè lọ?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Èyí àgbà rí i pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó bá sáré wá tún un ṣe: "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Dádì kọ́ ló sọ ọ́. Mọ́mì ni."