Kí o tó gba iṣẹ́ àbójútó ilé aṣojú ìjọba ní Victoria Island

Àbúrò mi tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Mushin, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan ní Victoria Island fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa bójú tó ilé wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní iṣẹ́ jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ni, pé ilé ìjọba olówó kì í bàjẹ́. O wá ń béèrè ohun tí ojú rẹ máa rí níbẹ̀, àti bóyá kí o ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Láti Surulere ni mo ti ń gba orí Eko Bridge lọ sí àwọn ọgbà yẹn, láti ti orílẹ̀-èdè kan dé ti òmíràn, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Màá dá ọ lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹni tó ni ilé náà kò gbé ibẹ̀, ẹni tó sì wà níbẹ̀ kọ́ ló ni ín. Òkè òkun ni onílé wà. Ọ̀gá tí wọ́n bá rán wá láti máa darí iṣẹ́ àtúnṣe yóò lo bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó di orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹlòmíràn á dé. Gbogbo ohun tí ọ̀gá àkọ́kọ́ mọ̀ nípa páìpù, wáyà àti òrùlé ilé yẹn ló bá a wọ bàálù. Àwa ọmọ ìbílẹ̀ là ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ni olórí iṣẹ́ náà, sípánà ló tẹ̀lé e. Bí o bá mọ ẹ̀rọ tún ṣe tó báyìí, tí o kò bá máa ń kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀, ilé yẹn kò tíì ní olùtọ́jú.

Mo rí i gbangba nílé kan. Gbọ̀ngàn tí àwọn tó wá gba físà máa ń jókòó sí ń jò lọ́dọọdún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó sì ti ń kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ wọn pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́, kí òun fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo orí dẹ́kì, ìyẹn òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ gé ibì kan wò ná. Bí a ti gé e, felt, ìyẹn aṣọ ọlọ́dà dúdú tí wọ́n fi ń bo dẹ́kì kí omi má bàa wọlé, ló wà lórí felt, èyí tí ọ̀gá kan fi sí i wà lórí ti ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo lọ tú sítọ̀. Àárín àwọn gálọ́ọ̀nù ọ̀dà tó ti gbẹ ni mo ti rí àwòrán ilé náà, bébà ńlá tí wọ́n ká, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà nínú àwòrán tí omi yẹ kó máa gbà sọ̀kalẹ̀ láti orí dẹ́kì. Nígbà tí a gòkè padà, méjì péré la rí. Wọ́n ti fi felt bo méjì yòókù mọ́lẹ̀ pátápátá. Omi kò rọ́nà lọ, ó wá dúró sójú kan, ó ń jẹ wọnú kọnkéré. A la ihò méjèèjì, a fọ páìpù wọn, a tún etí wọn dì. Owó iṣẹ́ yẹn kò sún mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ béèrè fún rárá. Ká ní wọ́n fi ọ̀dà dúdú yẹn kún un ni, ẹrù ni wọn ì bá tún dì lé dẹ́kì lórí.

Bí o bá ń rò ó pé kí ló dé tí ilé àwọn ìjọba ńlá yóò fi gbó bẹ́ẹ̀, ìtàn Èkó ló fà á. Èkó ni olú-ìlú wa títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Àwọn ilé kan ní Eleke Crescent, tí a ń pè ní Walter Carrington Crescent báyìí, ilé áńbásédọ̀ ni wọ́n kọ́ wọn fún. Ìjọba kó lọ sí Àbújá, àwọn áńbásédọ̀ kó tẹ̀ lé wọn, ilé Èkó di ti kọ́ńsù, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń rí sí físà àti ọ̀rọ̀ àwọn aráàlú wọn. Ní àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, Àbújá ni owó àtúnṣe ńlá ń kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Èkó ni èrò wà. Gbogbo ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, aláìsàn, àwọn tó fẹ́ lọ wo ọmọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń tò sí láti àárọ̀ kùtù. Wo ìyà tí èyí fi ń jẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ṣírò fún òṣìṣẹ́ díẹ̀.

Ó kan iṣẹ́ tìrẹ gan-an. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wọlé. Kọ́ńdẹ́ńsà, apá ẹ̀rọ amúlétutù tó ń wà níta, tí yóò pẹ́ dáadáa ní Mushin kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Victoria Island. Páìpù bàbà ló wà láàárín àwọn fins aluminium, ìyẹn àwọn abẹ́bẹ́ tín-ín-rín tó ń lé ooru jáde. Bí omi iyọ̀ bá ti dé àárín àwọn méjèèjì, aluminium ni yóò máa jẹ dànù. Wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun: fins ibẹ̀ á ti funfun, o máa fọwọ́ kàn án báyìí, ó rún bí ìpékeré. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ásíìdì sí i pé òun ń fọ̀ ọ́. Omi tí kò níyọ̀ ni kí o máa fi ṣàn án, lóòrèkóòrè, kí iyọ̀ má bàa ráyè jókòó. Kí o sì béèrè ibi tí omi tí o fẹ́ fi fọ̀ ọ́ ti wá, torí bọ́họ́ọ̀lù mìíràn ní erékùṣù yẹn, iyọ̀ wà nínú tirẹ̀ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ ra tuntun, ní kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti kun kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn páìpù àti fins yẹn, láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ wọn ò ní ra òmíràn kíákíá.

Iyọ̀ yẹn náà ló ń wọ kọnkéré. Bí ó bá dé ara irin, irin á dípata, ìpata sì ń gba àyè ju irin tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ, ni kọnkéré bá sán. Ohun tí àwọn bíríkìlà mìíràn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú sísán náà, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á gbowó. Kò pẹ́ tí á tún já. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n gbẹ́ kọnkéré náà títí yóò fi dé ẹ̀yìn irin, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha irin náà títí yóò fi máa dán, kí wọ́n so irin tuntun mọ́ ọn bí ó bá ti tín-ín-rín, kí wọ́n tó fi àpòpọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dí i. Máa mú òòlù kékeré kiri. Kàn án mọ́ abẹ́ báńkónì àti abẹ́ dẹ́kì, etí rẹ á gbọ́ ibi tó ti ṣófo. Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ká mi lára tó, torí pé abẹ́ irú báńkónì bẹ́ẹ̀ ni àwọn abiyamọ máa ń sá òòrùn sí bí wọ́n bá tò fún físà.

Ti iná náà wà ńbẹ̀. Bí ohun èlò tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà bá wà nínú ilé náà, 120V àti 60Hz ni tiwọn (V ni agbára iná, Hz ni iye ìgbà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). 230V àti 50Hz ni tiwa. Tiransífọ́mà lè sọ 230 di 120, àmọ́ kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60Hz yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín eré rẹ̀ kù lórí iná wa, yóò sì máa gbóná. Bí pọ́ǹpù tàbí fáànù bá ń jó lemọ́lemọ́ tí wọ́n sì ń ra irú kan náà padà, ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí o tó dá NEPA lẹ́bi. Tún wo jẹnẹrétọ̀. Èyí tí wọ́n rà nígbà tí ilé kún fún òṣìṣẹ́ kì í rí ẹrù tó tó o gbé mọ́ lóru. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ẹrù tí kò tó 30 nínú 100 agbára rẹ̀, epo dísẹ́ẹ̀lì kò ní jó tán, èéfín dúdú àti òróró á máa kán láti ẹnu ẹ́gísọ́ọ̀sì rẹ̀. Èyí kékeré kan fún òru dára ju kí wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì ńlá palẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń bọ̀ níta kì í rò sí. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 lórí ilé áńbásédọ̀ àti ti ọdún 1963 lórí ilé kọ́ńsù sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba wa kò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ wọn láìgba àṣẹ. Ti kọ́ńsù nìkan ló fi kún un pé bí iná bá ń jó, a lè kà á sí pé wọ́n ti yọ̀ǹda. Ohun tó túmọ̀ sí fún ọ ni pé àwọn tó ń yẹ ilé wò ní ìpínlẹ̀ Èkó kò ní kàn dédé kan ilẹ̀kùn kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri tó ti sán. Bí ìwọ kò bá rí i, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Wàá sì tún rí i pé àwọn yàrá kan wà tí wọn kò ní jẹ́ kí o wọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ni yóò wá tún ibẹ̀ ṣe. Omi lè máa kán láti òkè wá sí ọ̀dọ̀ rẹ tí wọn ò ní jẹ́ kí o gòkè lọ wò ó. Má bínú sí i. Kọ déètì, ya fọ́tò ibi tó ti kán bí wọ́n bá gbà ọ́ láàyè, fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, gba síńì rẹ̀.

Lórí owó, ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù ba iléeṣẹ́ áńbásédọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ní Nairobi àti Dar es Salaam ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1998, Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1999 pé ilé tuntun wọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí òpin ọgbà tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ilé àtijọ́ tó sún mọ́ títì, kò sí bí o ṣe tún un ṣe tí yóò fi sún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ tuntun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé kọ́ńsù wọn ti Èkó lélẹ̀ ní Eko Atlantic, lórí ilẹ̀ éékà 12.2, wọ́n sì kéde owó rẹ̀ ní mílíọ̀nù 537 dọ́là. Mi ò lòdì sí ilé tuntun. Ohun tí mo ń bá àwọn onílé jà lé lórí, orílẹ̀-èdè yòówù kí ó jẹ́, ni pé bí wọ́n bá ti ń ronú àtikó ni wọ́n ti máa ń dáwọ́ owó ìtọ́jú èyí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ìrònú àtikó lè gba ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn á sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá sọ fún ọ pé kò sówó, sọ fún un pé National Research Council, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti dámọ̀ràn láti ọdún 1990 pé kí ilé ìjọba máa gba owó ìtọ́jú lọ́dọọdún tó tó 2 sí 4 nínú 100 iye tí wọn yóò fi tún irú rẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà yẹn ti bá mi gba ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ.

Àwa Nàìjíríà náà ní ilé aṣojú lókè òkun, ìṣòro kan náà ló sì ń bá wọn fínra. Náírà ni Àbújá fi ń ṣírò bọ́jẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni púlọ́mbà New York ń gbà. Láti ìgbà tí náírà ti já ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹ fojú inú wo iye páìpù tí owó yẹn lè rà. Ní ti ìwé ilẹ̀, oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni àwọn kan wọ ọgbà iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra, tí wọ́n wó ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ilẹ̀ ló bí i. Ààrẹ Akufo-Addo bẹ Ààrẹ Buhari, ṣùgbọ́n ilé ti wó ná. Inú mi bàjẹ́ gidi lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí o bá lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, béèrè pé kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe àti àwòrán ilé hàn ọ́. Ìdáhùn wọn á jẹ́ kí o mọ irú ilé tí o fẹ́ wọ̀. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ti omi àti iná kí nǹkan kan tó bẹ́, kí o so àmì mọ́ wọn. Gun òrùlé lẹ́yìn òjò ńlá, kì í ṣe ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Jókòó ti bàbá tó ń tọ́jú òdòdó tàbí ẹ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, kí o bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ rí, ẹ̀yin méjèèjì á jọ rìn ín, ìwọ á máa yà á sínú ìwé. Ẹ̀dà méjì ni kí o ṣe, kí méjèèjì sì wà nínú ọgbà, torí ìwé wọn ni, kò gbọ́dọ̀ bá ọ délé.

Ti ṣọ́ọ̀bù rẹ: má tì í. Ìwé iṣẹ́ mìíràn ọdún kan ni, tí wọ́n á máa tún ṣe bí ó bá wù wọ́n. Fi ọmọṣẹ́ tí o fọkàn tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn lọ́jọ́ kìíní pé o ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ, kí ṣọ́ọ̀bù yẹn má sì ta skúrúù kan ṣoṣo fún ọgbà tí o ti ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ní orúkọ ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo mọ àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa tí wọ́n lé kúrò nítorí ìyẹn nìkan.